Ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ bà á: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe ní jẹ́léósinmi

Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi, àwọn ọmọ ọdún 3 sí 5. Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kọ̀ọ̀kan, àwọn ìbéèrè kan náà làwọn òbí máa ń gbé wá bá wa lẹ́nu géètì, pàápàá àwọn tó yọjú sí kíláàsì tí wọ́n rí i pé igbá, ẹ̀wà, yẹ̀pẹ̀ àti amọ̀ pọ̀ níbẹ̀ ju ìwé lọ. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí pẹ̀lú ìdáhùn wọn. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún gan-an. Bí a ṣe ń fi ipá mú ọmọdé kọ̀wé kí ọwọ́ rẹ̀ tó gbó ń mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ kórìíra iléèwé kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n wá ṣe níbẹ̀.

Kí lẹ ń pè ní ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe?

Ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń fi ọwọ́, ojú, etí, imú àti ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọ́ ni. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ mọ ohun tó wúwo yàtọ̀ sí ohun tó fúyẹ́, a kì í kọ ọ́ sójú pátákó kí gbogbo kíláàsì máa wá pariwo tẹ̀ lé wa. Odó kékeré kan àti igbá òfìfo la máa gbé síwájú rẹ̀, a ó ní kó gbé méjèèjì wò. Ìgbà tó bá ti gbé wọn, tí apá rẹ̀ ti sọ fún un, la ó tó fún un ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń pè é. Nǹkan náà ló ń ṣáájú, orúkọ rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e.

Àǹtí, ọmọ mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, síbẹ̀ òfìfo ni ìwé rẹ̀. Ọmọ aládùúgbò wa ti ń kọ 1 dé 100. Kí gan-an lẹ ń kọ́ ọ?

Ìbéèrè tó ń dun òbí jù nìyí, mi ò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí rẹ̀, torí owó iléèwé kì í ṣe owó kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọwọ́ ọmọ náà. Eegun kéékèèké 8 ló wà ní ọrùn ọwọ́ èèyàn. Lọ́jọ́ tí a bí ọmọ, kò tíì sí ọ̀kankan nínú wọn tó di eegun líle. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń le bó ṣe ń dàgbà, nígbà tó bá sì fi máa pé ọdún mẹ́rin, ó ṣì máa ń ku èyí tí kò tíì le nínú wọn. Ẹ wo bí ọmọ ọdún mẹ́ta ṣe ń di bírò mú: gbogbo ìka ló fi dì í gbá bí ẹni di ọmọ odó mú. Èjìká ló fi ń fa ìlà, kì í ṣe ìka. Ẹ wá ní kó kọ ojú ìwé mẹ́ta "a" kéékèèké. Apá á ro ó, á bú sẹ́kún, wọ́n á ní olódo ni.

Ọmọ tó bá ń po amọ̀, tó ń fún omi kúrò nínú kànìnkànìn, tó ń bó ẹ̀pà, tó ń fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, àwọn ìka tí yóò fi di bírò mú lọ́la gan-an ló ń lò. Ìwé rẹ̀ ṣófo lóòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ ò ṣófo.

Ní ti ọmọ aládùúgbò yẹn, ẹ da kóró àgbàdo bíi méjìlá síwájú rẹ̀, kí ẹ ní kó kó méje fún yín. Bó bá kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, tó dúró nígbà tó pé méje, ó mọ iye, ẹ bá a yọ̀. Bó bá bu ẹ̀kúnwọ́, tó wá ń wo ojú yín bóyá ó ti tó, àwòrán nọ́ńbà ló mọ̀ ọ́n yà, kò tíì mọ ohun tí nọ́ńbà ń kà. Mo ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó pọ̀. Ẹnu wọn yá, ojú ìwé wọn kún, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí wọ́n gbé síbí márùn-ún wá láti kíṣìnnì, ẹ ó rí i pé wọn ò mọ ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣé kì í ṣe eré lásán ni?

Eré ni, kì í ṣe lásán. Ìlànà orílẹ̀-èdè Nàìjíríà lórí ẹ̀kọ́ pàápàá kà á mọ́ iṣẹ́ jẹ́léósinmi pé kí ọmọ máa wá ìdí nǹkan, kó máa yẹ ìṣẹ̀dá àti àyíká rẹ̀ wò, kó máa ya àwòrán, kó máa kọrin, kó sì máa fi ohun ìṣeré ṣeré. Olùkọ́ tó ní kí ọmọ ọdún mẹ́ta káwọ́ lẹ́rán láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di ọ̀sán ló yà kúrò nínú ìlànà.

Ṣebí àwọn òyìnbó ló mú un wá?

Àwọn kan lára wọn kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì dá iléèwé sílẹ̀ lé e lórí. Friedrich Froebel ní Jámánì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1837 nílùú Bad Blankenburg. Bọ́ọ̀lù kéékèèké àti igi tí wọ́n gé sí oríṣiríṣi ìrísí ló ń kó fún àwọn ọmọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Maria Montessori, obìnrin dókítà ará Ítálì, tó ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ ní ọjọ́ 6, oṣù Kìíní, 1907, ní àdúgbò San Lorenzo ní Róòmù. Ọmọ àwọn tálákà òṣìṣẹ́ ló kó jọ síbẹ̀, kì í ṣe ọmọ olówó. Mo máa ń tẹnu mọ́ èyí torí pé lọ́dọ̀ wa, orúkọ Montessori tí wọ́n kọ sára pátákó iléèwé ti di ohun tí wọ́n fi ń gbówó lérí.

Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo àwọn tó ń fín igbá nílùú Ọ̀yọ́ yìí. Kò sí èyí tó kọ́ iṣẹ́ yẹn lójú pátákó. Ọmọ á jókòó ti bàbá tàbí ọ̀gá rẹ̀, á máa wò, á máa na irinṣẹ́ sí i, títí wọ́n á fi gbé ọ̀bẹ lé òun náà lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ àyàn pẹ̀lú ìlù, àti ọmọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ awọ. Kò ṣàjèjì sí wa rárá. Ìgbà tó kan iléèwé la pa á tì.

Báwo lọmọ ṣe máa mọ ìṣirò láìsí ìwé?

Èyí ni mo fẹ́ràn jù láti dáhùn.

Pínpín la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mẹ́fà á jókòó sórí ẹní, ẹnì kan nínú wọn á máa pín ife fún wọn, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ife bá ku ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó pọ̀ ju èèyàn lọ. Bí ẹnì kan ò bá rí gbà, kò tó. Ọmọ ọdún mẹ́ta á lóye èyí kó tó mọ nọ́ńbà kankan, torí ẹni tí kò rí ife gbà á figbe ta.

Lẹ́yìn náà ni wíwọ̀n. Kóńgò kan, agolo mílíìkì kan, àti gààrí tàbí yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ. Agolo mélòó ló máa kún kóńgò? A kì í sọ fún wọn. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, ó máa dànù, wọ́n á tún un wọ̀n. Jean Piaget, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó ṣèwádìí nípa bí ọmọdé ṣe ń ronú, fi irú nǹkan báyìí ṣàkíyèsí ohun kan tí gbogbo òbí lè dán wò nílé. Ẹ bu omi kan náà sínú ife méjì tó rí bákan náà lójú ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ bi í bóyá ọgba ni, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wá da ọ̀kan sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga, kí ẹ tún bi í. Ọ̀pọ̀ wọn á ní ti inú ìgò pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ojú wọn náà lẹ ti dà á. Ó máa ń tó bí ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje kí èyí tó yé ọmọ dáadáa. Àlàyé ẹnu kì í fi bẹ́ẹ̀ yá a. Ọmọ tó ti da omi láti inú ahá sí akèrègbè, láti inú akèrègbè sí igbá, títí tó fi sú u, ló máa wá rí i fúnra rẹ̀ pé omi kan náà ni.

Ayò ńkọ́? Ọpọ́n ayò ní ojú 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin lójú kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin bàbá tó bá ń ta ayò lábẹ́ igi, iléèwé lẹ jókòó sí yẹn. Títa rẹ̀ gan-an ju agbára ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ó lè fi mẹ́rin-mẹ́rin sójú kọ̀ọ̀kan, ó sì lè bu ti ojú kan kó máa pín in yí ọpọ́n ká, ọ̀kan-ọ̀kan. Ọmọ tó bá fo ojú kan, ẹnì kejì rẹ̀ ló máa pariwo mọ́ ọn, kì í ṣe olùkọ́.

Àwọn tó ti pé ọdún márùn-ún la máa ń kọ́ ní kíka ju mẹ́wàá lọ, èdè wa sì ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀. Láti mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, à ń fi kún mẹ́wàá ni. Tó bá di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, à ń yọ kúrò nínú ogún. A máa ń to ìdérí kóòkì 20 sórí ẹní, ìlà méjì, mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹ yọ mẹ́rin. Mélòó ló kù? Mẹ́rìndínlógún. Ọmọbìnrin kan wà ní táàmù tó kọjá tó dá gbogbo ìdérí náà padà sáyè wọn lẹ́yìn èyí. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó yọ mẹ́ta, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mẹ́tàdínlógún!" Ó dá ọ̀kan padà, ó ku méjì nílẹ̀: "Méjìdínlógún!" Ó tún dá ọ̀kan padà: "Mọ́kàndínlógún!" Nígbà tó dá èyí tó gbẹ̀yìn padà, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Ogún! Kò sí èyí tí mo yọ mọ́!" Ìyọkúrò nìyẹn, iṣẹ́ tí wọ́n ní kò tíì kan jẹ́léósinmi.

Lẹ́tà àti ìwé kíkà ńkọ́?

Ẹ ra sáńdípépà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta irinṣẹ́ káfíńtà. Ẹ gé e ní ìrísí lẹ́tà, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Ọmọ á fi ìka méjì tọ ojú lẹ́tà náà bí a ṣe ń kọ ọ́, á sì máa pe ìró rẹ̀. Lẹ́tà 25 ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi "gb" sórí páálí kan ṣoṣo, torí lẹ́tà kan ni. Ẹ sì fi ẹyọ àgbàdo kan lẹ àmì abẹ́ "ẹ", "ọ" àti "ṣ", kí ìka ọmọ lè kan án. Ọmọ tí ìka rẹ̀ ti kan àmì yẹn kì í gbàgbé rẹ̀ nígbà tó bá ń kọ̀wé.

Ohùn ọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì bákan náà, Ọ̀yọ́ sì ni ibi tó yẹ kí ọmọ ti kọ́ ọ. A máa ń bẹ onílù kó wá sí kíláàsì pẹ̀lú gángan. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á gbé e há abíyá, á fún ọṣán rẹ̀, á gbọ́ bí ohùn ṣe ń gòkè. Á dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. A ó wá gbé ọkọ́ kékeré kan àti ọkọ̀ ìṣeré síwájú wọn, onílù á lu ọ̀kan nínú orúkọ méjèèjì, kí ọmọ lọ gbé èyí tí ìlù pè. Àwọn tí etí wọn ti là báyìí, àmì ohùn kì í dà wọ́n láàmú nígbà tí wọ́n bá dé pámárì.

Èdè wo lẹ fi ń kọ́ wọn? Mi ò fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì ọmọ mi dìdàkudà.

Yorùbá la fi ń kọ́ wọn, a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú orin àti ìtàn. Ní 1970, ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò sì dìdàkudà lẹ́nu wọn. Ọmọ tó ń po amọ̀ tó ń béèrè ìdí tó fi ń lẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́, èdè ilé rẹ̀ ló fi ń ronú. Bí a bá ní kó dákẹ́ títí yóò fi mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, á ti gbàgbé ìbéèrè náà.

Èló ni mo máa ná lórí ohun èlò?

Díẹ̀. Ìdérí kóòkì àti páálí, ọ̀fẹ́ ni. Amọ̀ wà létí odò. Igbá tó ti sán, ìyá onígbá ní ọjà Àkẹ̀sán lè tà á fún yín ní ẹ̀dínwó. Ẹ má ra ohun ìṣeré oníbátìrì tó ń kọrin fúnra rẹ̀. Òun ló ń ṣeré, ọmọ kàn ń wò ó ni.

Ṣé kò léwu? Ọmọdé máa ń ki gbogbo nǹkan bọnu.

Ó léwu bí àgbàlagbà ò bá sí nítòsí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀wà, ìlẹ̀kẹ̀, ọmọ ayò tàbí ìdérí kóòkì. Ohunkóhun tó bá lè wọ inú páálí róbótó tí wọ́n ká tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ lè há sí i lọ́fun. Ẹ̀wà tó bá wọ imú tàbí etí máa ń wú, nítorí náà ẹ má fi igi tọ́ ọ, ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn kóró tó dára lójú. Wérénjéjé, èyí pupa tó ní dúdú lórí, wu gbogbo èèyàn láti fi ka nọ́ńbà, bẹ́ẹ̀ májèlé tó lè pa ọmọ ló wà nínú rẹ̀. Kóró làrà àti ti làpálàpá náà kò yẹ ní kíláàsì, ọ̀pọ̀ ọgbà sì rèé tí wọ́n gbin làpálàpá yí ká. Bátìrì pẹlẹbẹ kékeré, irú ti inú rìmóòtù àti ohun ìṣeré, lè bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀nà ọ̀fun ọmọ láàárín wákàtí méjì tó bá gbé e mì. Ẹ má dúró wò ó, ẹ sáré gbé e lọ. Bí ọmọ bá sì ń fi omi ṣeré, ẹ má kúrò níbẹ̀, ì báà ṣe omi ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì, torí ọmọdé lè kú sínú rẹ̀.

Aṣọ rẹ̀ máa ń dọ̀tí jù.

Ẹ fi aṣọ ìpààrọ̀ kan sínú báàgì rẹ̀.

Ṣebí ó lè kọ́ gbogbo èyí lórí fóònù?

Rárá. Nínú fóònù, gíláàsì kan náà ni gbogbo nǹkan: amọ̀, omi, irun ewúrẹ́, dídán ni gbogbo wọn lábẹ́ ìka. Àjọ ìlera àgbáyé sọ ní 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì má wo fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá, kí ti ọmọ ọdún 2 sí 4 má sì ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, tó bá tiẹ̀ kéré sí i, ó tún dára jù. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ọdún 3 sí 4 máa fi ó kéré tán wákàtí mẹ́ta sáré, fò, kí wọ́n sì rìn káàkiri lójúmọ́.

Olùkọ́ ni mí. Ọmọ mi pọ̀ ní kíláàsì, ṣé mo lè ṣe é?

Ìlànà ìjọba ní olùkọ́ kan sí ọmọ 25. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má pín ohun kan náà fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo á sọ. Ẹ dá ibi mẹ́rin sílẹ̀: amọ̀ níhìn-ín, wíwọ̀n lọ́hùn-ún, lẹ́tà lẹ́bàá ògiri, ilé ìdáná ìṣeré ní igun kan, kí wọ́n máa yí i po. Ibi wíwọ̀n ni kí ẹ̀yin jókòó sí, torí ibẹ̀ ni ìbéèrè pọ̀ sí jù. Kí wọ́n sì fúnra wọn kó ohun èlò padà sáyè rẹ̀. Ìṣirò náà ni, torí wọ́n ń ya ìdérí pupa sọ́tọ̀ kúrò lára dúdú.

Ọmọ mi kò ríran dáadáa. Ṣé ẹ̀kọ́ yìí wà fún òun náà?

Òun ló wà fún jù. Kí Montessori tó ṣílé rẹ̀ ní 1907, àwọn ọmọ tí wọ́n ní ọpọlọ wọn ò pé ló kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ló sì ti rí ohun tí ọwọ́ lè kọ́. Ọ̀yọ́ sì ṣoríire níbí: kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ olùkọ́ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ má fi ọmọ pamọ́ sílé. Ẹ lọ béèrè ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ọjà ni mo ń tà láti àárọ̀ di alẹ́. Kí ni mo lè ṣe?

Inú ọjà lẹ ti ní kíláàsì tó dára jù. Ọmọ tó jókòó tì yín ní Àkẹ̀sán lè ṣa ata rodo kúrò lára tàtàṣé, kó to tòmátò láti kékeré dé ńlá, kó gbóòórùn irú àti ògìrì kó sì dìjú sọ èyí tó jẹ́. Bí oníbàárà bá ra àlùbọ́sà márùn-ún, ẹ jẹ́ kí ọmọ kó o sínú ọ̀rá fún un. Bó bá kó mẹ́rin, ẹ má yára já a lẹ́nu. Ẹ bẹ oníbàárà náà kó tún un kà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á gbà, ọmọ náà ló sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú èyí tó kù.